Àpótí Ẹ̀yìn Àṣá

Òkè-Àgbọn,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Oyèníkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Báwo lara? Báwo ni òtútù ìlú yín? Shalom ọmọ mi ńkọ́, tó máa ń fi èdè Jámánì dá mi lóhùn bí ẹni pé èmi ni mo kó yín lọ sọ́hùn-ún? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Bàbá yín náà wà. Ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kò gbà pé òun ń wúkọ́.

O ó ti máa sọ pé Màmá ti gbàgbé òun. N kò gbàgbé rẹ. Wọ́n dáná sun òpó tẹlifóònù tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, àwọn tó ni ín sì ní àwọn ò ní wá tún un ṣe àfi tí ọ̀nà bá tòrò. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ìbàdàn ni mo fún ní lẹ́tà yìí. Yóò gbé e fún Dayọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Dayọ̀ yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Èsì tí ìwọ bá kọ, Dayọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, dẹ́rẹ́bà yóò gbé e bọ̀. Nítorí náà jókòó kọ ọ́ dáadáa. Má kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì méjì bí o ṣe máa ń ṣe lórí fóònù.

Mo ti di ẹrù fún ọ: èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, àti ìrù díẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Sàídátù ní Ìbàdàn ni yóò gbà, Sàídátù tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Tempelhof, tó máa ń bá wa kó ẹrù wọ Bẹ̀líìnì. Wàyí o, fetí sílẹ̀. Nísàlẹ̀ èlùbọ́ yẹn, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀rá wé. Má ṣí i lójú ẹnikẹ́ni.

Bàbá yín lọ wo àwọ̀n rẹ̀ ní dáàmù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá ẹyẹ nínú rẹ̀. Àṣá ńlá kan ni, irú èyí tó máa ń já lu omi láti gbé ẹja. Ó ti lọ́ mọ́ àwọ̀n, omi sì ti pa á. Bàbá yín ní àánú rẹ̀ ṣe òun gan-an, pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pẹja níbẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹyẹ náà ò sì bá òun jà rí. Ìgbà tó yí i padà, àpótí kékeré kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi okùn gbé e kọ́ ọ lẹ́yìn bí ìgbà tí a pọn ọmọ, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ lára rẹ̀. Òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ náà pẹ̀lú.

Ìwọ náà mọ̀ pé ìlú ò rí bí o ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ajínigbé ti gba ojú ọ̀nà. Ta ló máa rí ohun oníwáyà nínú igbó tí ara rẹ̀ ò ní bù máṣọ? Bàbá yín sin ẹyẹ, ó yọ àpótí àti òrùka, ó kó wọn wálé, ó gbé e sórí àga, àwa méjèèjì wá jókòó tì í, à ń wò ó. Mo ní kó jù ú nù. Ó ní bí ọmọdé bá he é ńkọ́? Èmi ni mo wá rò ó pé ohun òyìnbó ni, ilẹ̀ òyìnbó ni kó padà sí, kí ọmọ wa tó wà níbẹ̀ bá wa bèèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òrùka wà lọ́dọ̀ bàbá yín, ó fi so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pọ̀.

Bèèrè fún wa. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.


Hamburg,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mo ra oògùn ikọ́ yẹn fún mímu ni, kì í ṣe kó máa dúró lórí fíríìjì bí òdòdó. Shalom ní kí n kí yín. Èdè Jámánì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kí yín.

Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kí ló gbé ohun oníwáyà dénú èlùbọ́? Àwọn Zoll wà ní pápákọ̀ òfúrufú, ìyẹn àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ibí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wo inú ẹrù. Tí wọ́n bá rí àpótí pẹ̀lú wáyà nísàlẹ̀ ìyẹ̀fun dúdú tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣé ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló máa wá sí wọn lọ́kàn? Orúkọ mi ló wà lára ẹrù náà. Oṣù kejìlá ni mo fẹ́ lọ tún Aufenthaltstitel mi gbà, ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé. Ẹni tó wá wo mítà iná lánàá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yin ẹ kàn dì í sínú èlùbọ́, ẹ sì lọ sùn!

Ẹrù náà ò tíì dé ọwọ́ mi. Mo pe Àǹtí Sàídátù, wọ́n ní, "My dear, calm down jàre, plane ti land. Tí wọ́n bá clear ẹ̀ tán, màá pè ẹ́." N kò lè sọ ìdí tí mi ò fi lè calm down fún wọn.

Mo ti bèèrè ohun tí ẹ ní kí n bèèrè. A jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni kan ní Lager, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Billbrook, Elias lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí sókè, èmi ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ẹyẹ ló máa ń wò kiri lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó! Mo purọ́ fún un pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ka ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn onímọ̀ ẹyẹ ló ń so irú àpótí bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹyẹ ńlá, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tó ń gbà lọ sí Áfíríkà nígbà òtútù àti ọ̀nà tó ń gbà padà. Oòrùn ló ń fún un lágbára. Ó sì ní òun ti gbé oṣù kan rí ní erékùṣù kan létí Áílándì, ní ilé ìṣọ́ ẹyẹ kan.

Màmá, ilé kan ṣoṣo ló wà lórí àpáta náà, òkun yí i ká. Iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n ta àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ sáàárín igi wẹ́wẹ́. Ẹyẹ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ á kó sí i, wọ́n á rọra tú u, wọ́n á kó o sínú àpò aṣọ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ. Wọn kì í jẹ ẹ́ o. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ wa ló ń gbà kọjá lọ́dọọdún, a ò sì mọ̀. Elias ní bí a bá rí nọ́ńbà ara òrùka náà, wọ́n á mọ ẹyẹ yẹn bí ẹni mọ ọmọ ilé-ìwé.

Nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà òrùka yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kọ lẹ́tà ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun ibi, Màmá. Ẹ sùn dáadáa.

Oyèníkẹ́ yín.


Òkè-Àgbọn,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, 2024.

Oyèníkẹ́,

Kò sí ìkíni gígùn lẹ́nu mi lónìí. Wọ́n ti mú bàbá yín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ dúró lọ́nà dáàmù. Adéṣọlá ọmọ Láoyè wà nínú rẹ̀. Ó ń ti ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ bọ̀. Wọ́n gbé e wọgbó lọ. Adéṣọlá tí o máa ń di irun fún, tó máa ń sunkún kí o tó fọwọ́ kàn án lórí. Títí di òní, wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Wọn kò bèèrè ohunkóhun. Ìyá rẹ̀ ò jẹ, kò mu.

Láoyè sì ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú báyìí. Òun tó ń ṣọ́ ọmọ gbogbo wa, ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n gbé. Orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ń wá ẹni tó fi ọ̀nà han àwọn olè náà. Ìgbà yẹn ni Fọlárìn tí òun àti bàbá yín jọ ń dẹ àwọ̀n ní dáàmù la ẹnu rẹ̀, ó ní òun rí bàbá yín tó ń gé ohun oníwáyà kúrò lẹ́yìn ẹyẹ, pé ó sì kó o sápò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wọlé wá. "Bàbá, ẹ gbé nǹkan yẹn wá." Bàbá yín ní kò sí lọ́wọ́ òun. Wọ́n tú gbogbo ilé. Wọ́n da ìkòkò mi síta. Wọ́n sọ pé ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ọ̀nà ni, pé ó ti fi lé àwọn ajínigbé lọ́wọ́, òun ni wọ́n fi mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò kọjá. Ilé ìpàdé àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n tì í mọ́. Wọn kò jẹ́ kí n rí i. Oúnjẹ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.

O ní kí n sùn dáadáa. O ní kì í ṣe ohun ibi. Ìwọ ló ń rí nǹkan rò nípa èlùbọ́ àti kọ́sítọ́ọ̀mù! Ìbínú kọ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bàbá yín ti lé ní àádọ́rin ọdún, ikọ́ sì ń ṣe é, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní ó ń sùn.

Wọn kò mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Òrùka náà nìyí níwájú mi. Orúkọ Lọ́ńdọ̀nù wà lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 1408837. Mo fi awò ojú mi wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣe ohun tí o bá lè ṣe, kí o sì ṣe é kíá.

Ìyá rẹ.


Hamburg,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Màmá mi,

Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo ti rí i! Mo ti rí àpótí náà, mo sì ti rí àwọn tó ni ín.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín tán, mo lọ bá Elias níbi iṣẹ́, mo jẹ́wọ́ fún un pé bàbá mi ni, mo sì bú sẹ́kún níwájú ọ̀gá wa. Ó kọ nọ́ńbà òrùka sí àwọn ará erékùṣù yẹn lójú ẹsẹ̀. A ò tíì jẹun ọ̀sán tán tí wọ́n fi pè. Obìnrin ni olórí wọn níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni ẹ mọ ẹni tí ẹyẹ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Màmá, láràárọ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹyẹ yẹn nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó mu tíì. Wọ́n wò ó títí ó fi kọjá òkun, ó kọjá Sípéènì, ó la aṣálẹ̀ já, ó sì bà sí dáàmù wa. Ìgbà tó dúró sójú kan, wọ́n rò pé ó ti kú. Ìgbà tí wọ́n tún rí i tó ń lọ sí Ìbàdàn, inú wọn dùn, wọ́n ní ó ti yè. Èlùbọ́ yín ni o! Àfi ìgbà tí wọ́n rí i ní Bẹ̀líìnì nínú òtútù, lórí ilé kan ní Tempelhof. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ẹyẹ Bẹ̀líìnì pé kí wọ́n lọ wo òrùlé.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bẹ̀líìnì. Ó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Sàídátù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí indomie, oòrùn ń pa á. Àpò èlùbọ́ ló ti ya lójú ọ̀nà, ìwé tí orúkọ wà lára rẹ̀ ti já bọ́. Wọ́n ní, "Ah-ah, Màmá Shalom! Ìwọ lo ni thing yìí? Mo rò pé charger ẹnì kan ni, mo gbé e sí window kí owner lè rí i. Láti ọjọ́ Sátidé two weeks ago!" N kò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ wọn ni tàbí kí n bínú. Mo fi í sínú àpò mi, mo dì í mú títí mo fi padà dé Hamburg. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́pàá bá kọjá nínú ọkọ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Obìnrin erékùṣù yẹn ti ya máàpù gbogbo ibi tí àpótí náà dé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Adéṣọlá, ojú fèrèsé ní Tempelhof ló wà. Kò sí ní Nàìjíríà rárá! Ó tún kọ lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Láoyè fúnra wọn, ó ṣàlàyé ohun tí àpótí náà ń ṣe àti bí wọ́n ṣe ń wò ó láràárọ̀ kí wọ́n tó mu tíì, ó fi òǹtẹ̀ ilé ìṣọ́ ẹyẹ náà sí i. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dayọ̀. Mo ní kó tẹ̀ wọ́n jáde, kó má fún dẹ́rẹ́bà, kí òun fúnra rẹ̀ gbé wọn lọ fún Bọ̀ọ̀dá Láoyè ní ọwọ́. Mo ya àpótí náà ní fọ́tò lórí tábìlì mi pẹ̀lú, kí wọ́n rí i pé kò sọnù.

Bàbá á padà sílé. Ẹ sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá kí wọn ní ọdún tuntun.

Oyèníkẹ́ yín.


Òkè-Àgbọn,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Oyèníkẹ́ mi,

N kò tíì rí èsì lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n mo tún ń kọ òmíràn nítorí ohun tí etí mi gbọ́.

Wọ́n jẹ́ kí n rí bàbá yín lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti rù. Wọ́n dúró tì wá, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo tẹ̀ ba láti bu omi fún un, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé òun ju àpótí náà sínú dáàmù. Ó ti búra fún Láoyè lójú gbogbo wọn. Mo ní kí ló dé? Ó ní bí òun bá sọ pé a ti gbé e kúrò ní ìlú, wọ́n á bèèrè ẹni tó gbé e, wọ́n á wá mú èmi. Ó ní òun lè sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, pé èmi kò lè sùn níbẹ̀.

Ọdún wo ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Àfi ibi tí kò yẹ kó ti sọ ọ́.

Nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àpótí náà wà lọ́wọ́ rẹ. Inú omi ló wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń ran ènìyàn sínú dáàmù láti wá a. Láoyè ní bí òun bá rí i pé bàbá yín purọ́ fún òun lórí ọ̀rọ̀ Adéṣọlá, òun ò ní dá a dúró sọ́wọ́ ara òun mọ́, òun á fà á lé àwọn ọ̀dọ́ ìlú lọ́wọ́. Ìwọ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ti sun ẹnì kan ní ìlú kejì.

Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Bí o bá ti rí i, jù ú sínú òkun.

Ìyá rẹ.


Hamburg,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, 2024.

Màmá,

Àná ni lẹ́tà yín wọlé, ọ̀rẹ́ Dayọ̀ kan ní Ìbàdàn ló fi ránṣẹ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí Dayọ̀ ti wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú máàpù àti lẹ́tà àti fọ́tò. Mo ti pè é títí, kò wọlé. Ó ti wọ ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ta ló sọ pé kí Bàbá purọ́? Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ báyìí? Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ nínú èlùbọ́, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ nínú omi, èmi ni mo wá fi ìwé olóǹtẹ̀ tú u síta. Ẹ má bínú. N kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ dá Dayọ̀ dúró. Bí ó bá kọ́kọ́ yà sílé, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dáná sun ún. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí ò lè bá a, síbẹ̀ mò ń kọ ọ́.

Elias ní kí n máa mu omi. Mò ń mu omi.

Oyèníkẹ́.


Hamburg,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò rí èsì. Ọ̀rẹ́ Dayọ̀ ní Ìbàdàn ló ń bá mi gbé lẹ́tà yìí fún dẹ́rẹ́bà. Ó ní ọkọ̀ ò lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọ̀nà. Dayọ̀ náà ò tíì padà.

Ẹ kọ ohunkóhun. Kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Bí Bàbá bá wà, ẹ kọ "ó wà." N kò lè sọ fún Shalom ohun tó ń ṣe mí, ó ń bi mí pé, "Mama, was ist los?" pé kí ló dé, mo ń sọ pé àlùbọ́sà ni mò ń gé.

Obìnrin erékùṣù yẹn ń pè mí lójoojúmọ́ láti bèèrè Bàbá. Ó ní bí òun bá mọ̀ ni, òun ì bá má so ohunkóhun mọ́ ẹyẹ yẹn lẹ́yìn. Mo ní kí òun náà máa mu omi.

Ẹ kọ̀wé, Màmá.

Oyèníkẹ́ yín.


Òkè-Àgbọn,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá, 2024.

Oyèníkẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ó wà. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn ná. Bàbá yín wà nílé, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà, ó ń wúkọ́, ó sì ti gbà báyìí pé òun ń wúkọ́. Ó ti mu oògùn rẹ. Dayọ̀ náà wà, ọ̀nà ni kò jẹ́ kó padà.

Dayọ̀ ò yà sílé. Ọmọ tí a bá rán níṣẹ́ tó gbọ́ràn, irú rẹ̀ ni. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ tààrà, bí o ṣe wí. Wọ́n ní kí n wá. Ìgbà tí mo débẹ̀, Láoyè ti tẹ́ máàpù náà sórí tábìlì, bàbá yín dúró níwájú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti kún ẹnu ọ̀nà. Láoyè ní, "Bàbá, inú dáàmù lẹ ní ó wà." Bàbá yín ń wo máàpù náà. Láoyè ní, "Ẹ ti búra fún mi. Lórí ọmọ mi." Ariwo sọ. Ẹnì kan ti ń fa bàbá yín láṣọ.

Mo kígbe. Mo ní, "Èmi ni! Èmi ni mo fi sínú èlùbọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ó purọ́ kí ẹ má baà mú mi. Bí ẹ bá fẹ́ mú ènìyàn, ẹ mú mi." Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ èlùbọ́. Láoyè ò rẹ́rìn-ín. Ó tún tẹ̀ ba lórí máàpù náà, ó fi ìka rẹ̀ tọ̀ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó dúró níbi ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó bi Dayọ̀ pé ìlú wo nìyí. Dayọ̀ ní Bẹ̀líìnì ni. Ó ka lẹ́tà obìnrin yẹn, ó ní kí Dayọ̀ tún un kà fún gbogbo wọn. Ó wá ní kí àwọn ọ̀dọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí bàbá yín máa lọ sílé. Kò bẹ̀ wá. N kò retí pé kó bẹ̀ wá.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé níbẹ̀, kí n sọ fún ọ pé o ṣeun, pé àpótí tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o jù sínú òkun ló gba bàbá yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Láoyè wá sílé wa láàárọ̀ yìí. Ìgbà tí mo rí i lẹ́nu géètì, mo rò pé ó tún fẹ́ mú un ni. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Máàpù yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a títí ó ti fẹ́ ya. Àwọn ajínigbé kò tíì pè é. Adéṣọlá kò tíì padà.

Ó ní, "Ìyá Oyèníkẹ́, ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ibi tí ẹyẹ yẹn dé ni wọ́n rí? Títí kan ilé ìdáná yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹyẹ kan ṣoṣo. Wọ́n sì ń wá a láràárọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ bá mi bi ọmọ yín. Ẹ ní kó bá mi bẹ àwọn òyìnbó yẹn. Fóònù Adéṣọlá wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e. Ẹ̀gbà irin tí ìyá rẹ̀ rà fún un náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ èyí tí wọ́n lè fi rí i. Mo lè kọ nọ́ńbà fóònù náà sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó mu tíì wọn."

Bàbá yín gbọ́ ọ láti yàrá. Ó dìde pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀, ó jáde, ó fa àga fún ẹni tó tì í mọ́lé, òun náà jókòó tì í. Ó ní, "Kọ̀wé sí Oyèníkẹ́."

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà fóònù náà nìyí ní ẹ̀yìn ìwé yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò so ohunkóhun mọ́ Adéṣọlá lẹ́yìn. Dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè, Láoyè sì ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Kí ni kí n wí fún un?

Ìyá rẹ.